Ìgbín Abẹ́ Fèrèsé Màmá

Kòkòrò tó ń jobì, inú obì náà ló ń gbé. Òwe yìí ló jí bá Fìmúfínlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, tó ń yí i kiri láàárín eyín bí ẹni ń rún orín, tí kò sì mọ ohun tó gbé e wá síbẹ̀. Ó gbàdúrà tán, òwe ò lọ. Ó wẹ̀ tán, òwe ṣì ń dún. Bí òwe bá jí bá ènìyàn báyìí, kì í jẹ́ kó fìdí kalẹ̀. Ó di dandan kó rí ẹni tí wọ́n pa á fún. Ìgbà tó dé àgọ́ ọlọ́pàá, tó rí obìnrin kékeré kan lórí bẹ́ǹṣì tó ń fún ọmọ lọ́mú, tí omijé rẹ̀ ń kán sí ọmọ náà létí, ó mí kanlẹ̀.

"Áà," ó ní. "Ibí lòwe ń mú mi bọ̀."

Fìmúfínlẹ̀ kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ilẹ̀ tí obìnrin yìí kì í bẹ̀rẹ̀ wò, kò sì sí ihò tí kì í yọjú sí. Ọlọ́pàá tó ń jókòó ní ìdí káńtà kì í jẹ́ kó wọlé lásán. Tó bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, á dìde, á gbé oríkì rẹ̀ sókè:

"Fìmúfínlẹ̀, arìnlẹ̀-wá-abẹ́rẹ́!
A-bi-ni-léèrè bí ẹni ń ṣeré.
Ẹni tó parọ́ fún un lówùúrọ̀,
Ẹnu ara rẹ̀ ni yóò fi tú u kó tó dọ̀sán!"

Ọjọ́ yìí, oríkì náà kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tí obìnrin mìíràn fi já a gbà. Ó dúró bí ẹni tí gbogbo iléèwé máa ń dákẹ́ fún: bàtà dúdú, ojú líle, kọ́kọ́rọ́ kan tó fi okùn so kọ́ ọrùn.

"Ṣé ẹ̀yin ni wọ́n ní kí n dúró dè? Mo ti dúró. Ọ̀gá iléèwé ni mí, àwọn ọmọ ọlọ́mọ ń dúró dè mí." Ó ju àpò ọ̀rá kékeré kan sórí káńtà. Ẹ̀tù funfun ló wà nínú rẹ̀, ó gan pọ̀ bí ìyẹ̀fun tí omi kán sí. "Ohun tí ìyàwó àbúrò mi fi ń pa ìyá mi rèé."

"Awẹ́lẹ́wà, ẹ jọ̀ọ́!" ni igbe obìnrin orí bẹ́ǹṣì.

"Má pè mí ní Awẹ́lẹ́wà mọ́! Ẹni tó ń pa ìyá mi kò gbọdọ̀ fi orúkọ ẹ̀wà pè mí."

"Ìyá yín ti kú ni?" Fìmúfínlẹ̀ béèrè.

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Wọ́n wà nílé ìwòsàn. Ní ìjẹta, wọ́n dìde lórí àga láti fa kọ́tìnì. Wọ́n kàn dìde ni o! Eegun itan wọn dá pẹ́ẹ́ bí igi ìṣáná. Àná ni wọ́n fi irin so ó. Dókítà ní eegun wọn ti dà bí kànrìnkàn. Ìyá tí mo ń fún ní oògùn eegun lójoojúmọ́, tí n kò pa ọjọ́ kan jẹ rí láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ!"

"Iṣẹ́ abẹ wo?"

Ọ̀gá Iléèwé rẹ ohùn sílẹ̀. "Ti ìsanra. Wọ́n gé àpò oúnjẹ wọn kéré. Orúnkún wọn ò gbé wọn mọ́, èémí wọn ń já. Èmi ò fẹ́ kí wọ́n ṣe é, wọ́n fi agídí ṣe é, wọ́n sì rù, wọ́n sì ń rìn. Dókítà kìlọ̀ fún wa nígbà náà pé ẹni tí wọ́n bá ṣe irú ẹ̀ fún, oúnjẹ kì í wọ̀ ọ́ lára tán mọ́. Tí kò bá lo oògùn eegun títí ọjọ́ ayé rẹ̀, ara á yà sídìí eegun, á máa yọ́ ọ jẹ. Mo gbọ́. Mo ń fún wọn. Eegun ṣì dá! Oògùn yẹn kì í ṣe oògùn mọ́, ẹnì kan ti pààrọ̀ rẹ̀. Ta ló sì ní nǹkan funfun nílé wa? Télọ̀ ni ìyàwó yìí. Ṣọ́ọ̀kì tó fi ń fa ìlà sáṣọ ló ń lọ̀, tó ń mọ ní hóró. Ìdí fèrèsé Màmá ni mo ti gbá eléyìí jọ láàárọ̀ yìí."

"Télọ̀ tó ń rán oògùn!" ni ti Oníkáńtà, ọlọ́pàá tó ń kì oríkì.

"Ìwọ, pa ẹnu yẹn dé," ni Fìmúfínlẹ̀ wí.

Ọ̀gá àgọ́ yọrí láti inú ọ́fíìsì rẹ̀. "Fìmúfínlẹ̀, ẹ̀sùn pé wọ́n fẹ́ pànìyàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ọkọ obìnrin yìí ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ó ti lọ sọ́nà jíjìn. Tí o kò bá mú nǹkan mìíràn wá kí a tó ti ọ́fíìsì nírọ̀lẹ́, mò ń tì í mọ́lé."

"Pẹ̀lú ọmọ ọmú, sà?"

"Ṣé èmi ni mo bí i ni?" Ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Fìmúfínlẹ̀ kò lè jókòó. Ó ń lọ sókè, ó ń lọ sódò níwájú bẹ́ǹṣì, ọmọ náà sì ń fi ojú tẹ̀ lé e bí ẹni ń wo aago.

"Ìyàwó, gbójú sókè. Ìwọ lo máa ń fún ìyá ọkọ rẹ lóògùn?"

"Èmi kẹ̀, mà? Ta ló jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án? Inú àpótí ni Awẹ́lẹ́wà tì í mọ́, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ rèé lọ́rùn wọn. Tí àdúrà òwúrọ̀ bá ti parí, kíṣìnì ni wọ́n ń lé mi sí. N kò gbọdọ̀ yọjú sí yàrá Màmá títí wọ́n á fi jáde lọ síṣẹ́."

"Kí lo fi ṣe wọ́n?"

Ìyàwó náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Oúnjẹ ni, mà. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ wọlé ọkọ, wọ́n sọ fún mi pé Màmá ṣe iṣẹ́ abẹ, àmọ́ n kò mọ̀ pé ikùn wọn ti kéré tó bẹ́ẹ̀. Mo bu oúnjẹ kún àwo fún wọn, bí wọ́n ṣe kọ́ mi pé kí n máa bu ti àgbà. Màmá ò fẹ́ kójú tì mí. Wọ́n jẹ ẹ́ tán. Wọ́n fi odindi ọjọ́ náà bì. Láti ìgbà náà ni mo ti di apànìyàn."

Fìmúfínlẹ̀ dúró. Ọ̀rọ̀ kan nínú ìyẹn ha á létí, àmọ́ kò tíì mọ èwo.

"Ṣọ́ọ̀kì tó bá dà sílẹ̀ níbi ìránṣọ rẹ, ibo lo ń gbá a sí?"

"Mo máa ń gbá a gba ojú fèrèsé, sínú ọgbà. Apá ọ̀tún ilé."

"Yàrá Màmá ńkọ́?"

"Apá òsì ni, mà."

"Oníkáńtà, fún obìnrin yìí lómi. Ọ̀gá Iléèwé, ẹ jẹ́ ká lọ ilé yín."

*

Ilé náà mọ́ bí ilé ẹni tí kò gba gbẹ̀rẹ́. Àpótí irin wà ní yàrá Ọ̀gá Iléèwé. Fìmúfínlẹ̀ kúnlẹ̀ tì í, ó fi èékánná ra ẹnu àgádágodo rẹ̀. Kò sí ibi tó ha, kò sí ibi tó wọ́.

"Kọ́kọ́rọ́ mélòó ló ní?"

"Ọ̀kan."

"Tí ẹ bá ń wẹ̀, ẹ máa ń bọ́ ọ sílẹ̀?"

"Rárá."

"Tí ẹ bá ń sùn?"

"Mo ń fi sùn."

"Nígbà náà, ẹ jọ̀ọ́, mà, ibo ni ìyàwó gbà wọnú àpótí? Ṣé ihò kọ́kọ́rọ́ ló rá gbà bí eèrà ni?"

"Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ibi kì í wá ọ̀nà tì!"

"Olè ní í mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta," ni èsì Fìmúfínlẹ̀. "Èmi kì í ṣe olè. Ẹ jẹ́ kí n rọra máa tọ̀ ọ́." Ó gba ìgò oògùn eegun, ó tì í sínú àpò.

Ní yàrá Màmá, Ọ̀gá Iléèwé kò jẹ́ kó mí. Ó ń wo aago ọwọ́, ó ń na ìka. Ibí ni àga náà wà. Ibẹ̀ yẹn ni Màmá balẹ̀ sí. Ìyàwó ti fọ ilẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, tí kò bá ṣe pé oògùn ni, á jẹ́ pé omi ọṣẹ ló dà kalẹ̀ kí ìyá lè yọ̀ ṣubú. Fìmúfínlẹ̀ gbé sálúbàtà Màmá, ó yí ìdí rẹ̀ sókè. Eruku tó wà nídìí rẹ̀ jẹ́ eruku gbígbẹ. Ìkòkò òdòdó kékeré kan wà lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ àga, kò tilẹ̀ yí dànù.

"Ìyá yín kígbe kí wọ́n tó ṣubú, àbí ìgbà tí wọ́n ṣubú tán?"

Ọ̀gá Iléèwé ronú. "Kí wọ́n tó ṣubú. Èmi ni mo gbọ́ ọ. Igbe ni mo kọ́kọ́ gbọ́, kí n tó gbọ́ ìró ìṣubú."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó tì wọ́n, ilẹ̀ kò sì yọ̀. Kì í ṣe pé wọ́n ṣubú tí eegun fi dá. Eegun ló dá tí wọ́n fi ṣubú. Ẹ jẹ́ ká fi omi ọṣẹ sílẹ̀."

Ó gbé kọ́ọ̀bù kan lórí tábìlì, ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Tíì ti gbẹ mọ́ ìdí rẹ̀.

"Tíì yìí ni Màmá fi ń gbé oògùn mì. Ó gbọ́dọ̀ gbóná," ni Ọ̀gá Iléèwé wí. "Wọn ò fẹ́ràn omi."

"Oògùn eegun nìkan?"

"Àti oògùn ẹ̀jẹ̀, èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ lára. Àti àwọn fítámì. Kí ló kan tíì nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ọjọ́ ń lọ o!"

Ọjọ́ ń lọ lóòótọ́. Fìmúfínlẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ó rí ojú ọmọ ọmú yẹn níwájú rẹ̀, ó rí bẹ́ǹṣì, ó rí ilẹ̀kùn irin tó wà lẹ́yìn bẹ́ǹṣì. Ó gbàdúrà kúkúrú nínú ikùn: Ẹlẹ́dàá mi, má jẹ́ kí n kọjá lára ohun tí mò ń wá. Ó ṣí fèrèsé, ó yọrí síta.

Ìgbín ló rí.

Wọ́n ṣù mọ́ ara wọn lábẹ́ fèrèsé náà, láàárín òdòdó, bí èrò tó ya síwájú ilé ìfowópamọ́ tí kò tíì ṣí. Àwọn kan lẹ̀ mọ́ ògiri, níbi tí nǹkan funfun kan ti ṣàn sílẹ̀ tó sì gbẹ. Wọ́n sanra. Ìkarahun wọn nípọn, ó ń dán. Fìmúfínlẹ̀ yí ilé ká, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀kan, ó fi èékánná kàn án. Ó dún kò-kò bí ilẹ̀kùn ilé ọlọ́rọ̀.

Ó dìde, ó sáré. Ọ̀gá Iléèwé ń tẹ̀ lé e, ó ń béèrè pé ibo ló ń gbé ìgbín lọ. Apá ọ̀tún ilé ni. Ibẹ̀, lábẹ́ fèrèsé yàrá ìránṣọ, ẹ̀tù ṣọ́ọ̀kì dà sílẹ̀ bẹẹrẹ, funfun àti búlúù, pẹ̀lú fọ́nrán òwú. Kò sí ìgbín kan ṣoṣo níbẹ̀. Fìmúfínlẹ̀ gbé èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lé orí ṣọ́ọ̀kì náà. Ìgbín náà yọ ìwo, ó fi kan ilẹ̀, ó yí padà. Ó ń fà lọ, ìkarahun rẹ̀ ń tẹ̀ lé e, kò bojú wẹ̀yìn, àfi bí ẹni tó kọjá lẹ́nu ọ̀nà ọ̀tá rẹ̀.

"Mà," Fìmúfínlẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ ti tutù, "kí ni ìgbín fi ń kọ́ ilé tó ń gbé káàkiri?"

"Irú ìbéèrè wo nìyí?"

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ̀ ń kọ́ ọmọ níwèé?"

Ọ̀gá Iléèwé bẹ̀rẹ̀, ó wo ìgbín náà.

"Ohun tó ń mú eegun ènìyàn le, òun náà ló ń mú ìkarahun ìgbín le. Ibi tí ìgbín bá ti rí i ló ń fi ṣe ilé oúnjẹ. Amọ̀ lásán ni ṣọ́ọ̀kì ìyàwó yín, ìgbín kò yà á wò. Funfun apá ọ̀hún, wọ́n ń lá a bí oyin. Ohun tó wà nínú ọ̀rá yín yẹn kì í ṣe ṣọ́ọ̀kì. Oògùn eegun gidi ni."

"Oògùn gidi? Ta ló wá dà á sílẹ̀?"

"Ìbéèrè tó yẹ ká ti bi ara wa láti àárọ̀ nìyẹn. Ẹ tan mọ́tò."

*

Apòògùn ilé ìwòsàn gbọn ìgò náà, ó tú hóró kan wò, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Ojúlówó ni. Irú èyí tí a máa ń fún ẹni tí wọ́n gé ikùn rẹ̀ kéré gan-an ni. Kò sẹ́ni tó pààrọ̀ nǹkan kan níbí."

Ọwọ́ Ọ̀gá Iléèwé ti lọ sí kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀, ó ń yí i.

"Ẹ dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà," Fìmúfínlẹ̀ sọ fún un. "Ẹ má wọlé àfi tí wọ́n bá pè yín."

Màmá dùbúlẹ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rí lábẹ́ ẹsẹ̀. Ara rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, àmọ́ awọ ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń rántí ìgbà tó kún. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere.

"Ẹ kú ìnira, Màmá."

"Ìnira ti di ọ̀rẹ́ mi, ọmọ mi. Ta nìwọ?"

"Fìmúfínlẹ̀ ni wọ́n ń pè mí. Ọlọ́pàá ni mí."

"Ọlọ́pàá! Mo jí eegun ta ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà dùn ún, ó dá a dúró.

Fìmúfínlẹ̀ jókòó fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. "Màmá, ìgbín abẹ́ fèrèsé yín mà sanra o."

Màmá yí ojú sí ògiri. Ìka rẹ̀ ń ṣa etí aṣọ ìbora. Ó ní, "Ìgbín tí kò lẹ́nu. Òun náà ló wá lọ rojọ́ mi."

"Ẹ sọ ọ́ fún mi kó má baà jẹ́ ẹnu ìgbín nìkan ni mo ti gbọ́ ọ."

"Oníbúrẹ́dì ni mí tẹ́lẹ̀. Mo pò, mo yan, mo tọ́ ọmọ méjì. Ìgbà tí ikùn mi tóbi, ohun gbogbo ló ń gbà. Ní báyìí, kò ju ẹyin adìẹ lọ. Wọ́n gé ikùn mi, wọn ò gé ìtìjú mi." Ó mí. "Ọmọ mi obìnrin á jí ní ìdájí. Á se tíì. Á ṣa oògùn sínú àwo fún mi, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń sin ìlẹ̀kẹ̀. Èmi náà kì í gbé oògùn mì láìṣe àmín sí i, àdúrà òwúrọ̀ nìkan la sì jọ ń gbà, nítorí kò sí nílé lọ́sàn-án, á ti rẹ̀ ẹ́ kó tó dé lálẹ́. Tí a bá ti ṣe àmín, á gbé gbogbo rẹ̀ síwájú mi. Ti eegun, ti ẹ̀jẹ̀, ti fítámì. Ti odindi ọjọ́, lẹ́ẹ̀kan náà. Á dúró wò mí. Màá gbé e mì, màá rẹ́rìn-ín sí i. Tí mọ́tò rẹ̀ bá ti jáde, ikùn mi á yí, màá rọra lọ sí ojú fèrèsé."

"Ẹ ò sọ fún un."

"Kí n sọ kí ni? Ó ní kí n má ṣe iṣẹ́ abẹ yẹn. Mo ṣe é. Tí mo bá ní mò ń bì, á ní, 'Ẹ ò rí i?' Á wá sunkún. Ọmọ tó ń fi oorun ìdájí rẹ̀ tọrẹ fún mi! Ṣé kí n wá sọ fún un pé ìgbín ni mò ń fún jẹ?"

Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ tó ha Fìmúfínlẹ̀ létí láàárọ̀ bọ́ sílẹ̀. *Màmá ò fẹ́ kójú tì mí. Wọ́n jẹ ẹ́ tán.* Ìyá yìí ti jẹ àwo oúnjẹ kan tán nítorí ojú ìyàwó ọmọ. Ó ń jẹ àwo oògùn tán nítorí ojú ọmọ.

"Màmá, ìyàwó yín dà?"

"Ó wà nílé, níbi ẹ̀rọ rẹ̀. Ó yẹ kó ti wá kí mi láàárọ̀, àbí ọmọ ń sunkún ni?"

"Àgọ́ wa ló wà, tòun tọmọ. Wọ́n ní òun ló pààrọ̀ oògùn yín."

Màmá fi ọwọ́ méjèèjì ti bẹ́ẹ̀dì, ó fẹ́ dìde, ìrora fà á sílẹ̀. "Ìyàwó mi? Ẹni tí kò jẹ́ kí n gbé garawa omi? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ pè é wá! Ẹ pe ọmọ mi wá fún mi!"

Kò sídìí láti pè é. Ọ̀gá Iléèwé ti wà ní ẹnu ilẹ̀kùn. Dókítà wà lẹ́yìn rẹ̀, kò rí àyè kọjá, nítorí obìnrin náà di ẹnu ọ̀nà mú bí ẹni tó fẹ́ ṣubú.

"Mo ń fún wọn," ó ń sọ. "Mo ń fún wọn lójoojúmọ́. N kò pa ọjọ́ kan jẹ."

"Dókítà," Fìmúfínlẹ̀ ní, "ẹni tí wọ́n gé ikùn rẹ̀ kéré, ṣé ó lè gbé oògùn odindi ọjọ́ mì lẹ́ẹ̀kan?"

"Ó lè gbé e mì. Bóyá ó máa dúró nínú rẹ̀ ni n kò mọ̀. Kódà tó bá dúró, díẹ̀díẹ̀ ni ara ń gba oògùn eegun. Díẹ̀ lówùúrọ̀, díẹ̀ lọ́sàn-án, díẹ̀ lálẹ́. Tí ẹ bá dà á lé e lórí lẹ́ẹ̀kan, ìyókù á kọjá lọ."

"Tí oògùn ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú àwo kan náà ńkọ́?"

"Orogún ni wọ́n. Tí wọ́n bá pàdé nínú ikùn, wọ́n á máa ti ara wọn sẹ́yìn. Ó kéré tán, ó yẹ kí wákàtí méjì wà láàárín wọn. Tíì náà kì í jẹ́ kí ti ẹ̀jẹ̀ ṣiṣẹ́." Dókítà wo Ọ̀gá Iléèwé. Kò fi ohùn líle sọ ọ́. "Mo sọ ọ́ fún yín nígbà náà, mà, pé kí ẹ máa pín in."

"Ẹ sọ ọ́." Ohùn Ọ̀gá Iléèwé ti wálẹ̀. "Mo rò pé kí wọ́n jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sàn ju kí wọ́n má jẹ ẹ́ rárá. Èmi ò sí nílé lọ́sàn-án. Ta ni ì bá fún wọn?"

Ìbéèrè náà dúró sáàárín yàrá, gbogbo wọn ń wò ó. Ẹnì kan wà nílé náà lójoojúmọ́, láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, tí ìró ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ń dé yàrá Màmá, tí wọ́n lé sí kíṣìnì.

Ọ̀gá Iléèwé wo kọ́kọ́rọ́ ọrùn ara rẹ̀ bí ẹni tó rí ejò níbẹ̀.

"Mo ń wá ẹni tó ṣe ìyá mi báyìí," ó ní. "Mo gbé ara mi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá."

Òwe tó ti ń dún létí Fìmúfínlẹ̀ láti òwúrọ̀ dákẹ́. Kò pa á síta. Ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pe àgọ́ lórí fóònù.

"Ọ̀gá, ẹ tú obìnrin yẹn sílẹ̀. Ẹ ní kí Oníkáńtà fi mọ́tò gbé e wá sílé ìwòsàn."

"Ta lo wá mú?"

"Ìgbín, sà."

"Ìgbín wo?"

"Màá ṣàlàyé, sà."

*

Ìyàwó wọlé pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn àti ike wàrà kékeré kan lọ́wọ́. Ó ti ní kí Oníkáńtà dúró lọ́nà kóun rà á. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ Màmá mú.

"Màmá mi, a-pò-má-yi,
Ẹni tó yan búrẹ́dì bọ́ àdúgbò,
Iná kò rí yín jó, àìsàn kò ní í rí yín gbé.
Ẹ dìde, ẹ rìn, ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀."

"Àmín," ni Màmá ní. Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Wọ́n dè ọ́?"

"Wọn ò dè mí, mà. Orí bẹ́ǹṣì ni mo wà. Wọ́n tiẹ̀ fún mi lómi."

"Èmi ni mo fún un," Oníkáńtà wí láti ẹnu ọ̀nà. Fìmúfínlẹ̀ wò ó, ó pa ẹnu rẹ̀ dé.

Dókítà ń bá a lọ nídìí bẹ́ẹ̀dì, ó ń sọ bí nǹkan ṣe máa rí: ẹyin, ẹ̀wà, wàrà, ẹja kékeré tó bá rọ̀ débi tí wọ́n á lè jẹ ẹ́ teegun teegun, gbogbo rẹ̀ ní ìwọ̀n ṣíbí mélòó kan, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́. Tí ẹsẹ̀ bá ti san, kí Màmá máa jáde sí oòrùn, kí wọ́n máa rìn, nítorí eegun tí kò bá ṣiṣẹ́ á ya ọ̀lẹ. Omi ni kí wọ́n máa fi gbé oògùn mì. Eegun tó ti yọ́ kò ní í padà bọ̀ sípò lọ́jọ́ kan, àmọ́ èyí tó kù ṣeé dáàbò bò, tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ lónìí.

"Àdúrà ńkọ́?" Màmá béèrè. "Èmi ò lè gbé oògùn mì láìṣe àmín."

"Màmá, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta," Fìmúfínlẹ̀ ní. "Ọlọ́run kì í ti ọ́fíìsì."

Fóònù Ọ̀gá Iléèwé dún. Iléèwé ni. Ó pa á, ó tún dún. Láti ìgbà tí ìyàwó ti wọlé, kò tíì kúrò lára ògiri. Ó bọ́ síwájú báyìí, ó sì dúró níwájú ẹni tó fi ṣe ẹlẹ́wọ̀n láàárọ̀. Ìyàwó kò gbójú sókè. Ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló na ọwọ́ sí okùn ọrùn Ọ̀gá Iléèwé, ó fà á.

Ọ̀gá Iléèwé jẹ́ kó fà á. Ó tẹ orí ba, ó bọ́ okùn náà. Ó há mọ́ yẹtí rẹ̀, ó já a gbà. Ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ ìyàwó, ó fi kọ́kọ́rọ́ náà síbẹ̀, ó sì pa àwọn ìka rẹ̀ dé lé e lórí. Fìmúfínlẹ̀ na ìgò oògùn eegun sí wọn, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ike wàrà. Ọ̀sán ti pọ́n.

"Mo máa lọ síléèwé," ni Ọ̀gá Iléèwé wí. Ó yí sí ìyàwó. "Ìyàwó, jọ̀ọ́, bá mi fún Màmá ní oògùn ọ̀sán wọn."